Jarl, Earl, Baálẹ̀: Èwo Ni Ká Kọ?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtumọ̀ Yorùbá tó máa ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù ni iṣẹ́ mi. Méjì ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn àwọn Viking tó wọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 871. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jarl, tó bá tún yá wọ́n á ní Earl. Èkejì jẹ́ ti ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì òde òní, Earl of Wessex sì wà nínú rẹ̀. Baálẹ̀ ni mo kọ síbi gbogbo. Ọ̀gá mi ní kò bójú mu, pé kí n kọ ọba kékeré. Ẹnìkan tún ní inú ọ̀rọ̀ 'elder' ni earl ti jáde, pé àgbààgbà ló yẹ kí n kọ. Orí mi ti dàrú. Èwo ló tọ̀nà? Kí ni kí n sì kọ níbi tí wọ́n ti ń kéde ikú jarl náà?"

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta yín lẹ́sẹ̀. Orúkọ oyè kan náà lẹ bá pàdé nínú fíìmù méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ló wà láàárín ẹni tó ń jẹ ẹ́ níbí àti ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún. Orúkọ náà kò yí padà púpọ̀, iṣẹ́ inú rẹ̀ ló ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí yóò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ òfo ni yóò bá bọ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, baálẹ̀ ni mo ń pe earl. Lọ́jọ́ kan tí à ń ka ìtàn Godwin, tó jẹ́ earl Wessex ní ọ̀rúndún kọkànlá, ọmọ kan nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, tó bá jẹ́ pé baálẹ̀ ni Godwin, báwo ni baálẹ̀ ṣe kó ọkọ̀ ogun wá bá ọba rẹ̀, tí ọba sì gbà fún un?" Mo yíjú wo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sára pátákó, mo sì rí i pé èmi ni mo ṣi ọmọ náà lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "elder" kúrò nílẹ̀. Oyè kan wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tó ń jẹ́ ealdorman. Inú "eald", tó túmọ̀ sí ẹni tó ti dàgbà, ni ìyẹn ti jáde lóòótọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pe ealdorman ní àgbààgbà, mi ò ní bá yín jà. Òun ló di "alderman" tí àwọn ìgbìmọ̀ Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń jẹ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n "eorl" tó di earl kò bá a tan rárá. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa so wọ́n pọ̀ ni pé, nígbà tó di ọ̀rúndún kọkànlá, orí àga tí ealdorman dìde kúrò ni earl jókòó sí. Kí ẹnìkan gba ipò ẹlòmíràn kò sọ ọ́ di ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní ti jarl àti earl, ọ̀kan náà ni wọ́n. Eorl ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń sọ, jarl ni ti àwọn ará Nọ́wè, Dẹ́nmáàkì àti Swídìn, erl ni ti àwọn Saxon tó dúró sí Jámánì, tí wọn ò bá àwọn yòókù sọdá òkun wá sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ará Ọ̀yọ́ ṣe ń pè é ní ilé tí ará Èkìtì ń pè é ní ulé ni. Nítorí náà, bí fíìmù yín bá pe ọkùnrin kan náà ní Jarl láàárọ̀ tó pè é ní Earl lálẹ́, kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ẹ̀rí tó pẹ́ jù lọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tọ́ka sí wà lára òkúta. Ní Järsberg, nítòsí ìlú Kristinehamn ní Swídìn, òkúta kan dúró tí wọ́n gbẹ́ rune sí lára ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà. Rune ni lẹ́tà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára igi, egungun àti òkúta kí bébà àti yíǹkì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni "ek erilaz runoz waritu", èyí tó túmọ̀ sí "èmi erilaz ni mo kọ àwọn rune yìí". Wọ́n tún rí egungun kan nínú àbàtà ní Skåne àti igi ọ̀kọ̀ kan ní Kragehul ní Dẹ́nmáàkì, "ek erilaz" náà ló wà lára àwọn yẹn. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí fi ń yangàn. Kò ní òun ló ni ìlú kan, kò ní òun ló ń gba owó òde. Ó ní òun mọ lẹ́tà. Àríyànjiyàn kò tíì tán lórí bóyá erilaz àti jarl tan ní tààrà, nítorí fáwẹ́lì tó wà láàárín erilaz kò jẹ́ kí ó bá jarl mu délẹ̀délẹ̀. Àwọn kan tún so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àwọn Heruli, ẹ̀yà ajagun kan tí àwọn ará Róòmù mọ̀ dáadáa. Èmi wà lẹ́yìn àwọn tó ní wọ́n tan, ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn, ẹ má fi ṣe òfin.

Ewì àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Rígsþula ló fà mí sápá ọ̀dọ̀ wọn. Òrìṣà kan ń rìn lọ lójú ọ̀nà, ó sì yà sí ilé mẹ́ta. Búrẹ́dì tó nípọn, tó kún fún èèpo ọkà, ni wọ́n gbé fún un nínú ilé àkọ́kọ́. Ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ni Thrall, ẹrú. Nínú ilé kejì, ọkọ ń gbẹ́ igi òfì, ìyàwó ń rànwú. Ọmọ wọn ni Karl, mẹ̀kúnnù tó lómìnira. Ó dé ilé kẹta, ó bá ọkọ níbi tó ti ń lọ́ ọsán ọrun, ìyàwó jókòó, ó ń wo apá ara rẹ̀, ó ń tẹ́ ọwọ́ aṣọ rẹ̀ kó má wúnjọ. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n gbé búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹyẹ sísun àti ọtí wáìnì sílẹ̀. Ọmọ ilé yìí ni Jarl. Aṣọ ṣẹ́dà ni wọ́n fi pọ̀njá rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mú bí ojú ọmọ ejò. Nígbà tó dàgbà, òrìṣà náà jáde láti inú igbó, ó kọ́ ọ ní rune, ó sọ ọ́ ní ọmọ òun, ó sì ní kó lọ gba ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹ rí rune yẹn? Ọkùnrin ibi òkúta Järsberg ló wá sí mi lọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá ka ibẹ̀. Ẹ sì tún ṣàkíyèsí pé nínú ewì yìí, wọn kò fi Jarl joyè, wọ́n bí i síbẹ̀ ni. Ìran ni, kì í ṣe iṣẹ́ ọba.

Bó ṣe rí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nìyẹn. Òfin ọba Æthelberht ti Kent, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 600, ni òfin tó pẹ́ jù tó wà lọ́wọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹnìkan bá pa èèyàn nínú ọgbà ọba, àádọ́ta ṣílè ni ìtanràn. Bó bá jẹ́ nínú ọgbà eorl, méjìlá ni. Ẹni tó bá tẹ ààbò ceorl, ìyẹn mẹ̀kúnnù, lójú, mẹ́fà ni yóò san. Kò sí ibi tí òfin náà ti ní eorl ń ṣàkóso agbègbè kan. Iye tí ọlá rẹ̀ jẹ́ ni wọ́n ń kà. Ọmọ ọlọ́lá ni eorl nígbà yẹn, iye èèyàn tó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́lá nínú ìlú ni eorl tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá ń fà sẹ́yìn lẹ́nu àwọn aṣòfin, ó kù sẹ́nu akéwì, níbi tí gbogbo akọni ti ń jẹ́ eorl. Ealdorman ni ọba ń yàn láti kó ogun agbègbè jáde, kó sì jókòó pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù nílé ẹjọ́.

Àsìkò yìí gan-an ni fíìmù yín àkọ́kọ́ bọ́ sí. Ní 871, nígbà tí ogun àwọn Dane, ìyẹn àwọn Viking láti Dẹ́nmáàkì, wọ Wessex, ìjọba kan ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó di dandan kí àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì wá orúkọ fún àwọn olórí ogun tó dé. Wọn kò pè wọ́n ní ealdorman, nítorí ti ọba tiwọn nìyẹn. Àwọn ọ̀tá ń pe ara wọn ní jarl, akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ, ó dà bí ọ̀rọ̀ àtijọ́ ilé rẹ̀ létí rẹ̀, ó sì kọ eorl. Níbi ìjà Ashdown lọ́dún yẹn, ọ̀nà méjì ni àwọn Dane pín ogun wọn sí. Bagsecg àti Halfdan, tí wọ́n jẹ́ ọba, ló ṣáájú ọ̀kan. Àwọn jarl ló ṣáájú èkejì. Ọba Æthelred kọjú sí àwọn ọba, Alfred àbúrò rẹ̀ kọjú sí àwọn jarl. Wọ́n pa Bagsecg, wọ́n sì pa jarl márùn-ún, tí Sidroc Àgbà àti Sidroc Kékeré wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ṣírò òkú ọdún náà, jarl mẹ́sàn-án àti ọba kan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ibí ni "ọba kékeré" ti ṣubú. Àwọn tó wà lójú ìjà mọ ọba yàtọ̀ sí jarl débi pé wọ́n tò wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ka òkú wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá kọ ọba kékeré, ẹ ti pa ìyàtọ̀ tí fíìmù náà dúró lé lórí rẹ́.

Láti ìgbà yẹn, ìtumọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀. Àwọn Dane tẹ̀dó sí ìlà-oòrùn àti àríwá, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń náwó ọjà kan náà. Ní 991, Byrhtnoth, ealdorman Essex, kú sójú ogun ní Maldon. Ealdorman ni ìwé ìtàn ọdọọdún pè é, ṣùgbọ́n ewì tí wọ́n fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ń pè é ní eorl. Orúkọ méjì sórí òkú kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Cnut, ọmọ ọba Dẹ́nmáàkì, gba gbogbo Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1016. Lọ́dún kejì, ó pín in sí mẹ́rin. Ó fi Wessex sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fún Thorkell ní East Anglia, ó fún Eadric ní Mercia, ó fún Eirik, jarl láti Nọ́wè, ní Northumbria. (Eadric kò rí ọdún náà parí. Ọba fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pa á.) Láti ìgbà ayé Cnut ni earl ti di iṣẹ́. Agbègbè tó tóbi tó ìjọba àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń kó ogun ibẹ̀ jáde, ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó bá sì wọlé nílé ẹjọ́ agbègbè jẹ́ tirẹ̀. Bí ọba bá sì fẹ́, ó lè gba oyè náà padà.

Gbígbà á padà ni kò rọrùn, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ọmọ kíláàsì mi ti wọlé. Cnut ló sọ Godwin di earl Wessex. Ní 1051, ọba Edward lé e jáde kúrò nílùú tòun tàwọn ọmọ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Godwin kó ọkọ̀ ojú omi wọ odò Thames títí dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn ò sì fẹ́ bá a jà. Ọba dá gbogbo ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún un. Ó kú ní 1053, Harold ọmọ rẹ̀ gba Wessex. Ní January 1066, Harold yìí kan náà gun orí ìtẹ́. Ẹ wá wò ó bóyá baálẹ̀ lè gbé ẹrù yìí. Abẹ́ ọba ni baálẹ̀ wà, ìlú kan ló ń tọ́jú, wọ́n kì í sì í dé e ládé. Earl ayé Godwin ń darí bí ìlàrin orílẹ̀-èdè.

Lẹ́yìn tí Harold kú sí Hastings ní October 1066, William ará Normandy ní Faransé, tó ṣẹ́gun rẹ̀ tó sì di ọba, rí ohun tí irú àwọn earl báyìí lè ṣe fún ọba, kò sì jẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀. Ó gé ilẹ̀ wọn kéré. Ní 1075, àwọn earl mẹ́ta dìtẹ̀ mọ́ ọn, ó sì bẹ́ orí ọ̀kan nínú wọn, Waltheof, lọ́dún kejì. Iṣẹ́ agbègbè bọ́ sọ́wọ́ sheriff, òṣìṣẹ́ tí ọba lè yọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Earl mú orúkọ dání, iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Látìnì ni àwọn Norman ń kọ, "comes" ni wọ́n sì ń kọ fún earl, ìyẹn ẹni tó ń bá ọba rìn. Inú rẹ̀ náà ni "count" àwọn Faransé ti jáde. Títí dòní, ìyàwó earl kò ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, countess ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí countess nínú fíìmù yín kejì, ìyàwó earl ni, tàbí obìnrin tí oyè earl bọ́ sí lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń pè é ní jarl ńkọ́? Ibẹ̀ ni oyè náà ti ga jù, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ parẹ́. Àwọn jarl Lade, nítòsí Trondheim, lágbára débi pé ọ̀kan nínú wọn, Hákon, ṣàkóso Nọ́wè títí dé 995 láìgba orúkọ ọba. Ní Swídìn, Birger jarl, tó kú ní 1266, ló di ìjọba mú nígbà tí ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ìtẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ duke rọ́pò jarl níbẹ̀. Ọba Nọ́wè fòpin sí i ní 1308, àfi fún àwọn ọmọ ọba àti jarl Orkney. Iceland ní ẹyọ kan ṣoṣo rí, Gissur, tí ọba Nọ́wè fi jẹ ẹ́ ní 1258.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa orúkọ náà mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń to oyè lé e lórí. Kò sí ìjòyè tó ga ju earl lọ níbẹ̀ títí di 1337, tí Edward Kẹta fi ọmọ rẹ̀ ṣe duke Cornwall. Ní 1385 ni marquess dé. Earl wá bọ́ sí ipò kẹta. Ní ọ̀rúndún ogún, ó di ohun tí àwọn olórí ìjọba kan gbà lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Attlee di Earl Attlee ní 1955, Macmillan di Earl of Stockton ní 1984. Òfin 1999 sì lé púpọ̀ nínú àwọn tó jogún oyè kúrò nílé aṣòfin àgbà, ó ku méjìléláàádọ́rùn-ún nígbà yẹn. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ayaba Elizabeth fi ọmọ rẹ̀, Edward, ṣe Earl of Wessex. Orúkọ ohun tí Godwin jẹ ni, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́, kò sí ọmọ ogun, kò sí ìdá kan nínú mẹ́ta owó kankan. Ní 2023 ó di Duke of Edinburgh, James ọmọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ Earl of Wessex báyìí. Ẹ wo ọdún tí wọ́n ya fíìmù yín kí ẹ tó mọ ẹni tí wọ́n ń sọ.

Kí wá ni kí ẹ kọ? Ní ti fíìmù àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí jarl máa jẹ́ jarl. Níbi tó bá ti kọ́kọ́ jáde, ẹ kọ "jarl, ìjòyè àgbà", lẹ́yìn náà kí ẹ máa kọ jarl lásán, kódà níbi tí wọ́n bá ti sọ earl, kí òǹwòran má baà rò pé èèyàn méjì ni. Mo ro Balógun náà, nítorí ó sún mọ́ ọn lójú ogun. Ohun tó dá mi dúró ni pé Balógun ní ipò tirẹ̀ láàárín àwọn olóyè ìlú, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń jẹ ẹ́ nílùú kan, nígbà tí jarl mẹ́sàn-án kú lọ́dún kan ṣoṣo nínú ogun kan ṣoṣo. "Olóyè" nìkan fẹ̀ jù. Òǹwòran yóò rò pé ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá lóde ìnáwó ni. Ní ti fíìmù kejì, ìyẹn gan-an ni olóyè bá mu, torí oyè ọlá ni. "Earl, olóyè Wessex" tó. Ṣùgbọ́n tí Earl bá jẹ́ orúkọ àbísọ, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ rárá. Orúkọ lásán ni lọ́hùn-ún. Iye lẹ́tà tí ìsàlẹ̀ fíìmù lè gbà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí "ìjòyè àgbà" bá gùn jù, kí ẹ kọ ìjòyè.

Ohun kan kù tí ẹ ò béèrè, mo sì bẹ̀ yín lórí rẹ̀. Bí àwọn ọmọ ogun bá ń kí jarl, ẹ má kọ Kábíyèsí, ẹ má sì sọ ilé rẹ̀ di ààfin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ Yorùbá lẹ mọ bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ṣe wúwo tó, ti ọba ni wọ́n. "Olúwa mi" tó fún jarl, pẹ̀lú "ẹ" tí a fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Bákan náà ni ti ikú tí ẹ béèrè. Bó bá jẹ́ Bagsecg ni ìránṣẹ́ sáré wá kéde, ẹ kọ "Ọba wàjà", kò sẹ́ni tó máa ṣi í gbọ́. Bó bá jẹ́ jarl ni, ẹ kọ "Jarl ti ṣubú lójú ogun."